Edward, màgùn, àti ẹni tó ń ṣọ́ni lójú oorun

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì fẹ́ràn Edward inú Twilight, ẹ má tíì bú mi. Mo wà lára yín. Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ni mo ti kà á, SS2, PDF lórí fóònù, kò síná, bátìrì ti fẹ́ẹ̀ kú. Mo sunkún gan-an.

Ìbéèrè tó ń jà nílẹ̀ ni pé: ohun tí Edward ń ṣe sí Bella, ṣé ìfẹ́ ni àbí ìlòkulò? Àwọn kan ní ìtàn àròsọ lásán ni, ẹ gbé e jù síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa Yorùbá ti ń bá ìbéèrè yìí yí tipẹ́, kí fáńpáyà tó dé ọ̀dọ̀ wa. Màgùn là ń pe tiwa.

Ẹ ti gbọ́ ọ rí. Ọkọ tó ń jowú á fi màgùn sára ìyàwó ẹ̀. Ó lè jẹ́ ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu ọ̀nà, ìyàwó á dá a kọjá, ó parí. Ọkùnrin tó bá bá a sùn á ta òkìtì, á kọ bí àkùkọ, á kú. Ẹ̀rín la máa ń fi sọ ọ́ nílé wa. Àmọ́ ẹ wò ó: ọkùnrin tó ń tàkìtì ni gbogbo wa ń wò. Obìnrin tí wọ́n sọ ara ẹ̀ di pàkúté ńkọ́? Òun gan-an lè má mọ̀ pé nǹkan kan wà lára òun o.

Lọ́dún 2001 ni Túndé Kèlání gbé fíìmù Thunderbolt jáde, látinú ìtàn Adébáyọ̀ Fálétí. Ngozi jẹ́ ọmọ Íbò, Yínká jẹ́ ọmọ Yorùbá, ìgbà tí wọ́n ń ṣe àgùnbánirọ̀ ni wọ́n pàdé. Wọ́n fẹ́ra. Ìfura wọlé. Màgùn dé sára Ngozi. Kèlání ò wá tẹ̀ lé àlè kankan. Ngozi ló tẹ̀ lé. Tí ọjọ́ tí wọ́n dá bá pé tí ọkùnrin kankan ò sùn tì í, òun fúnra ẹ̀ ló máa kú. Ẹ ronú sí i: obìnrin ń rìn kiri pẹ̀lú ikú tí ọkọ ẹ̀ gbé sí i lára, ó sì tún ń wá ẹni tó máa fi ẹ̀mí ara ẹ̀ wéwu kí òun lè yè. Pálọ̀ àǹtí mi ni mo ti wò ó. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Àǹtí kàn ní, “Ìyẹn ò fẹ́ràn ẹ̀. Ó ń ṣọ́ ẹ̀ ni.”

Ó dáa, ká padà sọ́dọ̀ fáńpáyà.

Nígbà tí Polidori kọ tiẹ̀ lọ́dún 1819, tí Bram Stoker sì kọ Dracula lọ́dún 1897, ohun tó ń wá síbi fèrèsé obìnrin lóru, ìbẹ̀rù ni. Ẹni tó ń kàwé gbọ́dọ̀ fẹ́ sá. Lọ́dún 1976, Anne Rice jẹ́ kí fáńpáyà fẹnu ara ẹ̀ sọ ìtàn. Nígbà tó fi máa di 2005, Stephenie Meyer gba ojú fèrèsé kan náà mú ọkùnrin kan náà wọlé, ó ní ìfẹ́ ni. Bella ń sùn, Edward jókòó tì í, ó ń wò ó, òru lórí òru, Bella ò sì mọ̀. Nínú Eclipse, ó tú nǹkan kúrò lára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ẹ̀ kó má baà lọ rí Jacob. Lẹ́yìn náà, ó fi Porsche bẹ Alice lọ́wẹ̀ kó dá ọmọbìnrin náà dúró sílé. Ẹ tún un kà láìrántí pé ó rẹwà.

Àwa Ìjẹ̀ṣà kúkú mọ ẹni tó ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni. Àwọn baba wa òṣómàáló tà aṣọ láwìn kiri, tí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ, wọn ò ní dìde àfi tí wọ́n bá gbowó wọn. Ṣùgbọ́n òṣómàáló kì í purọ́ fún ẹ. Owó ló wá gbà.

Kí n má pa irọ́ mọ́ Edward: ó bẹ̀bẹ̀, ó sì jẹ́ kó lọ rí Jacob nígbẹ̀yìn. Ewu náà sì wà lóòótọ́ nínú ìwé. Àmọ́ ta ló fi ewu yẹn síbẹ̀? Òǹkọ̀wé ni, kí ọkùnrin tó ń ṣọ́ni lè jàre. Ọkọ tó fi màgùn síyàwó lára náà á ní ilé òun lòun ń dáàbò bò. Fálétí àti Kèlání ò kàn jẹ́ kó jàre ni.

Lọ́dún 2015, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn Twilight, wọ́n buwọ́ lu òfin VAPP ní Nàìjíríà. Kéèyàn máa ṣọ́ni lemọ́lemọ́ nílé ẹni, ó wà níbẹ̀. Kéèyàn fipá yani nípá kúrò lọ́dọ̀ ẹbí àtọ̀rẹ́, ó wà níbẹ̀. Ọdún yẹn náà ni wọ́n sọ irú ìdarí tipátipá bẹ́ẹ̀ láàárín olólùfẹ́ di ẹ̀ṣẹ̀ ní England àti Wales. Nítorí náà, tèmi ni pé bẹ́ẹ̀ ni, ìlòkulò ni. Mi ò ní kẹ́ ẹ sun ìwé náà o. Tèmi ṣì wà lórí fóònù.

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo ní bọ̀bọ́ kan tó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí mo wà lórí máàpù ní gbogbo ìgbà. Mo ní ó sweet. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, aago mẹ́fà ò tíì lù, ó ti wà lábẹ́ igi máńgòrò tó kọjú sí wíńdò mi, kò pè, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń wòkè. Mo jí ẹni tá a jọ ń gbé yàrá, mo ní kó wá wo Edward mi.

Kò ka ìwé yẹn rí. Ó wo ìta, ó ti kọ́tìnnì, ó ní, “Ta ló ní kó wá?”