Ìbọn Kan fún Gbogbo Ẹran: Ta Ló Yan Ṣakabùlà fún Àwọn Ọdẹ Wa?

Ọ̀rọ̀ ìbọn ọdẹ la gbé wá lónìí.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ń ṣọdẹ ẹran ńlá káàkiri ayé kì í yé jiyàn lé lórí. Bí ọdẹ bá máa ní ìbọn kan ṣoṣo, èwo ló lè fi pa ẹtu, tí yóò sì tún lè fi kojú ẹfọ̀n láìfi ẹ̀mí ara rẹ̀ tafala? Nọ́ńbà ni àwọn òyìnbó fi ń dáhùn: wọ́n á sọ bí ẹnu ìbọn ṣe fẹ̀ tó, wọ́n á sọ bí ọta ṣe wúwo tó. Lọ́dọ̀ tiwa, orúkọ kan ni ìdáhùn náà: ṣakabùlà.

Àwa olùkọ́ máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ ilé ìwé pé ojú àwọn baba ńlá wa kò là, wọn kò mọ ìbọn tó dára, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo ṣakabùlà. Àwọn àgbàlagbà pàápàá ń sọ ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà.

Ìbọn tó gba ojú òkun wọlé

Ọkọ̀ àwọn tó ń ra ẹrú ló gbé ìbọn dé etíkun wa. Láti Wídà, Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì ni ìbọn àti ẹ̀tù ti ń wọ inú ilẹ̀ lọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pè é ní Dane gun, nítorí pé àwọn ará Dẹ́ńmáàkì wà lára àwọn tó ń tà á. Wọ́n ní odi ní Accra àti ní Keta, kí wọ́n tó tà wọ́n fún Gẹ̀ẹ́sì ní 1850. Àwọn Faransé pè é ní fusil de traite, ìyẹn ìbọn òwò.

Púpọ̀ nínú àwọn ìbọn yìí jẹ́ ìbọn ogun tí àwọn ọmọ ogun Yúróòpù ti pa tì, tàbí èyí tí wọ́n ṣe ní àwòṣe wọn. Ẹnu ìbọn ológun Faransé ti 1777 fẹ̀ tó mìlímítà 17.5; èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Brown Bess fẹ̀ tó 19. Inú ọ̀pá wọn dán, kò sí ìlà kankan níbẹ̀. Ẹnu ni wọ́n ti ń kì wọ́n: ẹ̀tù á kọ́kọ́ wọlé, wọ́n á fi nǹkan dí i, ọta á tẹ̀ lé e, wọ́n á tún dí i. Òkúta ìbọn ló ń ṣáná sí ẹ̀tù.

Àléébù rẹ̀ kò kéré. Ọta róbótó tó bá ti inú ọ̀pá dídán jáde kì í lọ tààrà pẹ́. Bí ẹran bá ti jìnnà ju nǹkan bíi mítà 50 lọ, ọdẹ kò lè fọkàn tán ìbọn rẹ̀ mọ́. Bí òjò bá rọ̀, ẹ̀tù lè tutù. Bí ìbọn bá sì ti dún lẹ́ẹ̀kan, ó di kí ọdẹ tún un kì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹfọ̀n tó fara gbọgbẹ́ kì í dúró de ẹni tó ń kì ìbọn.

Ohun tí wọ́n ń kì ni wọ́n ń yàn

Báwo wá ni irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ṣe tó fún gbogbo ẹran? Nítorí pé ọdẹ kò ní ọ̀pá méjì láti yàn nínú rẹ̀, ohun tó ń lọ sínú ọ̀pá ló ń yàn. Fún aparò àti ọ̀yà, ọta wẹ́wẹ́ pẹ̀lú ẹ̀tù níwọ̀nba. Fún àgbọ̀nrín àti ìmàdò, ọta tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ẹfọ̀n, òjé tàbí irin ńlá tí alágbẹ̀dẹ rọ, àti ẹ̀tù tó pọ̀. Ìbọn òyìnbó tó ń lo kátíríjì kò gba irú èyí: kátíríjì tí wọ́n ṣe é fún nìkan ló máa ń gbà. Ṣakabùlà gba ohun gbogbo tí ẹnu rẹ̀ bá gbà.

Àmọ́ ọgbọ́n yìí ní ewu tirẹ̀. Ẹni tó bá ki ẹ̀tù ní àkìjù, ọ̀pá lè fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí ọmọ ọdẹ fi ń tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀ pẹ́ kó tó dá ìbọn kì. Ìdí nìyí náà tí ọdẹ fi gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹran. Ó ní láti mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, ibi tí ẹran ti ń mu omi, igi tí èso rẹ̀ ń jábọ́, àti ibi tí ọta ti lè wọlé sí ọkàn ẹran. Ẹni tó bá fetí sí ìjálá yóò rí i pé oríkì ẹranko tó wà nínú rẹ̀ kún fún irú ìmọ̀ yìí: ìrìn ẹran, awọ rẹ̀, ìbínú rẹ̀.

Ní ti erin, ọ̀pọ̀ ìbọn ni wọ́n fi ń pa á. Ajànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Ní Dàhọ̀mẹ̀, àwọn obìnrin ọdẹ erin tí wọ́n ń pè ní gbeto wà lára ẹgbẹ́ ọmọ ogun obìnrin ọba. Ọwọ́ kan náà ni wọ́n máa ń yìnbọn, nítorí pé ọta ẹyọ kan kò tó erin.

Wọ́n mọ ìbọn tó dára jù

Àwọn tó ní àwọn baba wa kò mọ ìbọn mìíràn, kí wọ́n wo ogun Kírìjì. Ìró ìbọn ogun náà ló fún un lórúkọ. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà. Nígbà tí ogun náà le, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó ra ìbọn Snider, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn wọn nílé. Ìbọn yìí ní ìlà lílọ́ nínú ọ̀pá, ìdí ni wọ́n sì ti ń ki kátíríjì sí i. Ó jìnnà, ó sì yá ju ṣakabùlà lọ. Àwọn Ìbàdàn mọ ọ́n lára.

Nítòsí wa níbí, lẹ́yìn ìjà Atchoukpa ní ẹ̀bá Àjàṣẹ́, ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 1890, ọba Béhanzin ra ìbọn lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Jámánì: Winchester, Mauser, Chassepot. Àwọn ìbọn yìí ni apá kan àwọn ọmọ ogun rẹ̀ fi kojú ọ̀gágun Dodds ní 1892, kí àwọn Faransé tó wọ Àgbómẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún náà. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìbọn kan àti èkejì kò ní fi owó rẹ̀ ra Winchester.

Òfin tó yan ìbọn fún wa

Ní ọjọ́ 2 oṣù keje 1890, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù àti àwọn mìíràn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Brussels. Wọ́n ní láti fòpin sí òwò ẹrú ni. Nínú ìwé náà, wọ́n ka ìbọn onílà àti kátíríjì rẹ̀ léèwọ̀ fún títà ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà tó wà láàárín ìlà 20 ní àríwá àti ìlà 22 ní gúúsù. Àwa wà láàárín méjèèjì. Ohun tí wọ́n gbà láàyè fún aráàlú ni ìbọn olókùúta tí kò ní ìlà, àti ẹ̀tù lásán tí àwọn Faransé ń pè ní poudre de traite. Ṣakabùlà gan-an nìyẹn.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 1889, ọdún kan ṣáájú, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti fẹnu kò lórí ìlà tó pín wa sí méjì. Ìlà náà ya Kétu kúrò lára Ìmẹ̀kọ, ṣùgbọ́n kò ya ìbọn ọdẹ Kétu kúrò lára ti ọdẹ Ìmẹ̀kọ, nítorí ìjọba méjèèjì ló fọwọ́ sí ìwé Brussels. Ní ìhà tiwa, ìjọba amúnisìn pín ìbọn sí oríṣi méjì: arme de traite ni ti aráàlú, arme perfectionnée, ìyẹn ìbọn àtúnṣe, ni ti òyìnbó àti ti ẹni tí ìjọba bá fún ní ìwé àṣẹ. Àdéhùn mìíràn rọ́pò ti Brussels ní Saint-Germain ní 1919, ṣùgbọ́n ìpín náà kò kúrò nílẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa ló gba iṣẹ́ náà ṣe: wọ́n ń tún ìbọn ṣe, wọ́n ń rọ ọta, nígbà tó yá wọ́n ń rọ odindi ìbọn.

Ohun tí àwọn tó lómìnira yàn

Ní àwọn ọdún yẹn kan náà, àwọn òyìnbó ń yan tiwọn. Ní 1905, Otto Bock ní Berlin ṣe kátíríjì 9.3×62 fún àwọn Jámánì tó wà ní Áfíríkà. Ẹ rántí pé Tógò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa wà lọ́wọ́ Jámánì nígbà náà. Ní 1912, ilé iṣẹ́ Holland & Holland ní London ṣe .375. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 9.5, ọta rẹ̀ tó wúwo wọn nǹkan bíi gíráàmù 19, ó sì ń jáde ní mítà tó ju 750 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Títí dòní, bí ẹ bá béèrè ìbọn kan tó tó fún gbogbo ẹran Áfíríkà, òun ni ọ̀pọ̀ ọdẹ máa dárúkọ.

Ẹ wò ó dáadáa: ìdajì 19 péré ni 9.5. Fífẹ̀ ẹnu nìkan kọ́ ni agbára ìbọn. Ọta gígùn tí ìlà inú ọ̀pá mú yí bí òòyì a máa gún awọ àti egungun wọlé. Ọta róbótó tètè ń rẹ̀. Nọ́ńbà náà nìkan kò sì tó. Bell, ọmọ Scotland, pa erin tó ju 1,000 lọ, ìbọn tí ẹnu rẹ̀ kò ju mìlímítà 7 ló sì fi pa púpọ̀ nínú wọn, nítorí pé ó mọ ibi tí ọpọlọ erin wà gan-an. Ìmọ̀ tí ọdẹ wa ní nípa ara ẹran, òun náà ní in. Àmọ́ ó láǹfààní láti lọ sọ́jà yan ìbọn tó wù ú.

Ohun tó kù lọ́wọ́ wa

Lónìí, kò sí ẹfọ̀n ní Sẹ̀mẹ̀-Kpodji. Iyanrìn, àgbọn àti ilé ló kù. Àríwá ni ẹran ńlá wà, ní igbó Pendjari àti W. Òfin nọ́ńbà 2002-16 ti ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá 2004 ló ń ṣe àkóso ẹranko igbó ní Bẹ̀nẹ̀. Ó ka àwọn ẹran kan léèwọ̀ pátápátá, kò sì sí ọdẹ láìsí ìwé àṣẹ. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí ẹran tó kù kò pọ̀. A kò ní kí ẹnikẹ́ni ki ìbọn o.

Ohun tí a ń sọ ni pé kí a má fi àìmọ̀kan kọ́ àwọn ọmọ nípa àwọn baba wọn. Ìbọn tó wà lọ́wọ́ wọn ni òfin ẹlòmíràn fi sílẹ̀ fún wọn, ọgbọ́n tí wọ́n fi lò ó ni tiwọn. Ọgbọ́n yẹn kò sí nínú ìwé kankan tí wọ́n fún wa ní ilé ìwé. Ó wà lẹ́nu àwọn àgbà ọdẹ díẹ̀ tó kù, ní Kétu, ní Pọ́bẹ̀, ní Ìmẹ̀kọ. Ẹni tó bá ní bàbá tàbí bàbá àgbà tó jẹ́ ọdẹ, kó lọ jókòó tì í, kó béèrè nǹkan mẹ́ta, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀: kí ni wọ́n ń kì fún ẹran wo, ta ló ń rọ ọta, àti pé ìlú wo ni wọ́n ti ń ra ẹ̀tù.