Amọ̀ Gẹ́gẹ́ Bí Olùkọ́: Ìmọ̀ Nípa Ara Ènìyàn Nínú Ère Ilé-Ifẹ̀

Nínú ìtàn ìṣẹ̀dá Yorùbá, amọ̀ ni Ọbàtálá fi mọ ara ènìyàn, amọ̀ náà sì ni Àjàlá fi ń mọ orí. Àwọn tó sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ti mọ̀ pé ọwọ́ tó ń mọ amọ̀ a máa kọ́ bí ara ṣe rí. Síbẹ̀, ó pẹ́ kí àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ òkèèrè tó gbà pé ìmọ̀ yìí jẹ́ ti Yorùbá.

Ní 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, rí àwọn orí amọ̀ sísun ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹwà wọn yà á lẹ́nu débi pé ó ní iṣẹ́ àwọn Gíríìkì àtijọ́ ló pilẹ̀ wọn. Ní 1938, àwọn tó ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ hú àwọn orí idẹ jáde. Ní 1957, a tún rí òmíràn ní Ìta Yemòó, níbi tí Frank Willett ti walẹ̀. Àwọn onímọ̀ fi iṣẹ́ wọ̀nyí sí àárín ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Púpọ̀ nínú wọn ti wà kí ọkọ̀ Potogí tó gúnlẹ̀ sí etíkun yìí.

Ère idẹ pàápàá, lára amọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Asúdẹ yóò kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ orí, yóò fi ìda bò ó, yóò sì ṣe ìpéǹpéjú, imú àti ètè sára ìda náà. Yóò tún fi amọ̀ bò ó, yóò yan án kí ìda lè yọ́ jáde, kí idẹ yíyọ́ wá gba ipò rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti yọ àti ibi tí ẹran ti rọ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò ti ba iṣẹ́ jẹ́.

Wọn kò mọ ère arẹwà nìkan. Àwọn ère amọ̀ kan fi ara aláìsàn hàn, títí kan ẹni tí ìpá so. Èyí bá ìgbàgbọ́ mu pé Ọbàtálá kan náà ló mọ abuké, arọ àti àfín.

Ẹnìkan lè béèrè pé, bí wọ́n bá mọ ara tó bẹ́ẹ̀, èé ṣe tí orí fi tóbi ju ara lọ? Lára ère idẹ Ọọ̀ni tí a rí ní Ìta Yemòó, tí gíga rẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 47, orí nìkan kó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ti àgbàlagbà gidi kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú méje lọ. Ìkòkò tí Peter Garlake hú ní Ilẹ̀ Ọbalárà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 dáhùn. Lára rẹ̀ ni a mọ ojúbọ kan sí: orí kan tó jọ ti ènìyàn gidi wà láàárín orí méjì tí a kàn ṣe ṣóńṣó. Ọwọ́ kan náà ló mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nítorí náà, orí tóbi nítorí pé orí ni olórí ara.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà òde òní. Aina Onabolu (1882–1963), tó kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù àti Paris, tẹnu mọ́ kíkọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwọ̀n ara ènìyàn. Kenneth Murray, tó dé ní 1927, fẹ́ kí wọ́n di iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ mú. Ìyàtọ̀ wọn mú kí ó dà bí ẹni pé ìmọ̀ ara jẹ́ ti Òyìnbó, kí iṣẹ́ ọwọ́ sì jẹ́ ti aláwọ̀ dúdú. Nínú amọ̀ Ifẹ̀, ọ̀kan náà ni méjèèjì.