Ìtúsílẹ̀ Oògùn Díẹ̀díẹ̀ láti inú Èérún Pọ́límà

Ìtúsílẹ̀ oògùn díẹ̀díẹ̀ láti inú èérún pọ́límà jẹ́ ọgbọ́n ìṣòògùn tí ó ń mú kí abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo máa ṣiṣẹ́ lára fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù púpọ̀. Pọ́límà ni èròjà tí ẹyọ rẹ̀ kéékèèké so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n, irú èyí tí a sì ń lò níhìn-ín máa ń túká fúnra rẹ̀, tí kò fi sí ìdí láti la ẹran ara kí a tó yọ ohun tí ó gbé oògùn náà kúrò.

Nínú irú pọ́límà bẹ́ẹ̀, PLGA ni àwọn onímọ̀ kọ nípa rẹ̀ jù lọ. Láti ara ásíìdì lactic àti ásíìdì glycolic ni a ti ń ṣe é. Bí omi ara bá ti ń wọ inú rẹ̀, ó ń já oríkèé ẹ̀wọ̀n náà títí yóò fi padà di ásíìdì méjèèjì, tí ara yóò sì sọ wọ́n di omi àti gáàsì carbon dioxide tí à ń mí síta. Èyí tí a pò ní ìdajì-ìdajì ni ó sábà máa ń yára túká jù, nígbà tí èyí tí lactic ti pọ̀ máa ń pẹ́, nítorí pé kì í gba omi sára tó bẹ́ẹ̀.

Ìpele mẹ́ta ni oògùn sábà máa ń gbà jáde. Èyí tí ó wà lójú èérún máa ń tú jáde ní wàràwàrà ní ọjọ́ kìíní, èyí sì léwu bí àpọ̀jù oògùn náà bá lè pani lára. Lẹ́yìn náà ni yóò dẹwọ́, tí ìwọ̀nba díẹ̀ yóò máa gba àwọn ihò tín-ín-tìn-ìn-tín jáde. Nígbà tí ẹ̀wọ̀n pọ́límà bá sì ti já wẹ́wẹ́ tó láti yọ́, èyí tí ó kù yóò tú jáde. Risperdal Consta, abẹ́rẹ́ àìsàn ọpọlọ tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2003, fi èyí hàn gbangba: ó tó ọ̀sẹ̀ kẹta kí ọ̀pọ̀ oògùn rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ìdí nìyẹn tí aláìsàn fi ń gbé oògùn mì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́.

Inú èérún gan-an ni àríyànjiyàn wà. Ásíìdì tí ìtúká bá mú wá kì í tètè rí ọ̀nà jáde, ó sì ń mú kí ìtúká náà tún yára sí i, débi pé àárín èérún ńlá lè túká ṣáájú ìta rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu àwọn olùwádìí kò tíì kò lórí bí ásíìdì náà ṣe ń le tó: àwọn kan rí pH (òṣùwọ̀n tí ó ń kéré sí i bí ásíìdì bá ṣe ń le sí i) tí kò tó 2, àwọn mìíràn rí èyí tí ó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ṣeé ṣe kí títóbi èérún, irú oògùn àti ọ̀nà tí a fi wọ̀n ọ́n wà lára ohun tí ó fa ìyàtọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré rárá, nítorí irú ásíìdì bẹ́ẹ̀ lè ba oògùn tí ó jẹ́ purotéènì jẹ́ kí ó tó jáde.

Okùn tí àwọn oníṣẹ́-abẹ fi ń rán ojú ọgbẹ́ ni a kọ́kọ́ mọ PLGA sí ní àwọn ọdún 1970. Ní 1976, àwọn olùwádìí Robert Langer àti Judah Folkman fi hàn pé purotéènì lè gba inú pọ́límà jáde díẹ̀díẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé pọ́límà tiwọn kì í túká. Ní 1989 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Lupron Depot, èyí tí iléeṣẹ́ Takeda ti Japan ṣe fún jẹjẹrẹ próstéètì, tí abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ fi di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Nutropin Depot, tí a fi ń fún ọmọdé ní họ́móònù ìdàgbàsókè, kò rí bẹ́ẹ̀: 1999 ni wọ́n fọwọ́ sí i, nígbà tí ó sì di 2004, àwọn tí ń ṣe é dá a dúró nítorí ìnáwó àti wàhálà tí ó wà nínú ṣíṣe rẹ̀.