Jẹjẹrẹ Lọ, Ọkàn Ńkọ́?

Ìtàn tá a mú wá lónìí kan gbogbo ẹni tí wọ́n bá ti fi ìtànṣán tọ́jú jẹjẹrẹ láyà rí.

Ọdún 1895 ni Wilhelm Röntgen ṣàwárí ìtànṣán X-ray ní Jámánì. Kò pẹ́ táwọn dókítà fi bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún jẹjẹrẹ. Láàárín 1960 sí 1969, Henry Kaplan àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford, l'Amẹ́ríkà, ń fi ìtànṣán tó lágbára wo jẹjẹrẹ Hodgkin, èyí tó máa ń so kókó sọ́rùn, sábíyá àti sínú àyà. Àwọn ọ̀dọ́ tí ìbá ti kú wá ń yè. Ayọ̀ ńlá ni.

Àmọ́ inú àyà náà lọkàn wà. Èrò ayé ìgbà yẹn ni pé ọkàn le, pé ìtànṣán ò lè fi bẹ́ẹ̀ ṣe é ní nǹkan kan. Ìgbà tó yá ni wọ́n rí i pé omi ń gbára jọ sínú awọ tó bo ọkàn àwọn kan tó ti yè. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn ẹlòmíì ń dí. Ohun tó sì mú kó ṣòroó mọ̀ ni pé ọdún mẹ́wàá, àní ogún ọdún, lè kọjá kó tó yọjú.

Ní 2013, Sarah Darby àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí obìnrin 2,168 tí wọ́n fi ìtànṣán tọ́jú jẹjẹrẹ ọmú ní Sweden àti Denmark. Bí ìtànṣán tó kan ọkàn bá ṣe pọ̀ tó ni ewu ṣe ń pọ̀ tó. Tọmú òsì ló sì máa ń kan ọkàn jù.

A ò ní kẹ́nikẹ́ni sá fún ìtọ́jú o. Jẹjẹrẹ ò ní dúró deni. Wọ́n ti tún ọ̀nà rẹ̀ ṣe: kọ̀ǹpútà ló ń bá wọn wọn ibi tí ìtànṣán máa kàn, wọ́n sì lè ní kí aláìsàn mí kanlẹ̀ kó sé èémí, kí ẹ̀dọ̀fóró lè ti ọkàn sẹ́yìn.

Ibi tó ti kan àwa tá a wà lájò nìyí. Ẹlòmíì gbàtọ́jú n'Ìbàdàn, Kánò ló ń gbé báyìí. Ẹlòmíì gbà á ní Zaria, iṣẹ́ gbé e lọ sí Jọ́ọ̀sì. Dókítà tuntun ò lè mọ̀ bẹ́ ò bá sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́jú ìwé ìwòsàn yín bí ẹ ṣe ń tọ́jú ìwé ilẹ̀. Bí èémí bá ń ge, tí àyà ń dùn yín, tí ẹsẹ̀ ń wú, ẹ má kàn sọ pé ogbó ló dé. Ẹ lọ sọ́sibítù, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ síta: "Wọ́n ti fi ìtànṣán tọ́jú àyà mi rí."