Ọ̀dà tó ń ṣí lájà balùwẹ̀: Jakande Estate, Ìsọlọ̀

Bí ọ̀dà bá ń ṣí lájà balùwẹ̀ ní Jakande Estate, Ìsọlọ̀, ẹjọ́ ọ̀dà kọ́ ni, omi ni. Ìjọba Lateef Jakande, gómìnà Èkó láti 1979 sí 1983, ló kọ́ estate náà sí Òkè-Afá, bó ti kọ́ irú rẹ̀ káàkiri ìpínlẹ̀ náà kí mẹ̀kúnnù lè rílé gbé. Fúláàtì lórí fúláàtì ni wọ́n. Dẹ́kìn tí ẹni ìsàlẹ̀ ń pè ní àjà, orí rẹ̀ lẹni òkè ti ń wẹ̀.

Omi òkè ló sì burú jù. Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé wọ̀nyí, páìpù onírin ló wọ́pọ̀ l'Ékòó, inú lọ́hùn-ún sì ni irú páìpù bẹ́ẹ̀ ti ń dógùn-ún. Bí kì í bá ṣe páìpù, ó lè jẹ́ etí ihò tí omi ìwẹ̀ ń gbà lọ, tàbí sìmẹ́ńtì àárín táìlì tó ti sán. Omi á rọra wọ dẹ́kìn, á yọ́ iyọ̀ inú sìmẹ́ńtì, á gbé e wá sísàlẹ̀. Bí omi bá gbẹ tán, iyọ̀ á di lẹ́búlẹ́bú funfun lẹ́yìn ọ̀dà, á sì máa tì í já. Àbàwọ́n roboto, pupa rúsúrúsú bí omi tíì, ni àmì omi tó ń jò. Ṣùgbọ́n bí kọnkéré bá ń já bọ́ tí ọ̀pá irin sì hàn, ọ̀rọ̀ ti kọjá ti pẹ́ńtà: irin tó bá dógùn-ún a máa wú, á sì fọ́ kọnkéré tó bò ó. Ẹ pe ẹnjiníà.

Ní Lọ́ńdọ̀n, níbi tí òtútù ti ń mú àjà, ooru omi gbígbóná lọ̀daràn àkọ́kọ́. Kọnkéré Èkó kì í tutù tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ lásìkò òjò, nǹkan kì í tètè gbẹ, èbu dúdú á sì máa hù ní kọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti yọ fèrèsé lúfà, tí wọ́n fi aluminium tí ìdajì rẹ̀ nìkan ń ṣí dípò. Fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde dára, ṣùgbọ́n lúfà kì í béèrè iná.

Láti mọ ibi tí omi ti wá, ẹ ha ọ̀dà díẹ̀ kúrò, ẹ lẹ nylon mọ́ ibẹ̀ pinpin fún ọjọ́ kan. Bí omi bá wà láàárín nylon àti dẹ́kìn, òkè ló ti ń bọ̀. Bí ìta nylon ló tutù, afẹ́fẹ́ balùwẹ̀ ni. Lókè, a lè dí ihò omi, ká da omi sílẹ̀ yíká, ká sàmì sí ibi tó dé, ká tún wò ó lọ́jọ́ kejì.

Ibí ni wàhálà wà. Ẹni ìsàlẹ̀ á gòkè lọ: «Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, omi yín ń jò sí wa lórí.» Ẹ̀gbọ́n ò rí nǹkan kan tó ń jò, òun ni wọ́n sì ní kó fọ́ táìlì rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń kun ọ̀dà lọ́dọọdún.

Òkè ni kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀: ká fọ́ táìlì, ká pààrọ̀ páìpù sí oníke, ká fi ohun tí omi ò lè gbà kọjá kun ilẹ̀ àti ìdí ògiri, ká tún da omi wò kí táìlì tó padà. Nísàlẹ̀, a ó ha ọ̀dà títí dé ibi tó le, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá iyọ̀. Omi tá a bá fi fọ̀ ọ́ á tún gbé e wọlé ni. Èbu ń fẹ́ bleach, ṣùgbọ́n a kì í pò ó mọ́ ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, torí gáàsì olóró ló ń mú jáde. Ó yẹ kí dẹ́kìn gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọyẹ́ ló sì dára jù. Àwọn pẹ́ńtà fẹ́ràn screeding POP. Ṣùgbọ́n omi ń rọ̀ ọ́, sìmẹ́ńtì funfun ló yẹ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni primer, kí emulsion tó gorí rẹ̀. Ọ̀dà olóròóró lórí dẹ́kìn tí kò tíì gbẹ á wú bí ìléròrò, tí a bá sì fi ìṣó gún un, omi ló máa jáde.