Ìyá, Ọmọ àti Ìràwọ̀: Ọ̀rọ̀ Johannes Kepler àti Katharina Ìyá Rẹ̀

Ìfáárà

Ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ ni ó mọ Johannes Kepler, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá nínú ìmọ̀ ìràwọ̀. Òun ni ó fi hàn pé ọ̀nà tí ayé àti àwọn plánẹ́ẹ̀tì yòókù ń gbà yí oòrùn ká kì í ṣe òbìrìkìtì gan-an. Ohun tí kò wọ́pọ̀ lẹ́nu wa ni pé awòràwọ̀ ni pẹ̀lú, àti pé ó fi ìràwọ̀ wo ìyá tí ó bí i lọ́mọ. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó yẹ ohun tí ó rí nínú ìràwọ̀ nípa ìyá rẹ̀ wò, a ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí ó ṣe nígbà tí wọ́n pe ìyá náà ní àjẹ́. Èrò tiwa ni pé ìràwọ̀ jẹ́ kí Kepler rí i pé òun jọ ìyá òun, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìràwọ̀ ni ó fi gbà á sílẹ̀.

Ìwòràwọ̀ àti ìmọ̀ ìràwọ̀

Kí á tó máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ, ó yẹ kí á ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Ìmọ̀ ìràwọ̀ ń wọn ìrìn oòrùn, òṣùpá àti àwọn plánẹ́ẹ̀tì. Ìwòràwọ̀ ń wá ìtumọ̀ ìrìn wọn fún ìgbésí ayé ọmọ ènìyàn. Bí wọ́n bá bí ọmọ, awòràwọ̀ yóò ṣírò ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà lójú ọ̀run ní wákàtí náà àti bí wọ́n ṣe kọjú sí ara wọn, yóò sì ti ibẹ̀ sọ irú ìwà tí ọmọ náà yóò hù. Ó fara jọ àkọsẹ̀jayé tiwa nítorí pé àwọn méjèèjì ń béèrè irú ẹni tí ọmọ tuntun yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Ifá ni babaláwo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀, odù tí ó bá jáde ni ó ń kì. Kì í ṣírò wákàtí ìbí.

Láyé Kepler, ẹnì kan náà ni ó sábà máa ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀. Nígbà tí ó di olùkọ́ ìṣirò ní ìlú Graz ní 1594, ara iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ṣe kàlẹ́ńdà ọdọọdún tí yóò sọ bí ojú ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ ìlú yóò ṣe rí. Nínú ìwé kan tí ó tẹ̀ jáde ní 1610, ó fi ìmọ̀ ìràwọ̀ wé ìyá ọlọ́gbọ́n, ó sì fi ìwòràwọ̀ wé ọmọbìnrin rẹ̀ tí kò gbọ́n, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé owó tí ọmọ náà ń mú wálé ni ìyá fi ń jẹun. Kò gba ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn awòràwọ̀ ń sọ gbọ́. Síbẹ̀, ó gbà pé bí àwọn plánẹ́ẹ̀tì ṣe kọjú sí ara wọn lọ́jọ́ ìbí a máa fi àmì sára ọkàn ọmọ.

Ohun tí ìràwọ̀ sọ

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá, 1571, ni Katharina bí Johannes ní ìlú Weil der Stadt. Oṣù Karùn-ún ọdún náà ni òun àti Heinrich ọkọ rẹ̀ ṣe ìgbéyàwó. Nígbà tí ọmọ náà dàgbà, ó ṣírò wákàtí àti ìṣẹ́jú tí ìyá òun lóyún òun, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé lẹ́yìn ìgbéyàwó ni, àti pé ọmọ oṣù méje ni òun. Ẹ ò rí i pé ìṣirò yìí bo ìyá náà láṣìírí!

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó kọ nípa ìwà ìyá rẹ̀ kò dùn létí. Ní nǹkan bí 1597, nígbà tí ó ń fi ìràwọ̀ wo àwọn ará ilé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kọ ọ́ pé ìyá òun kúrú, ó tín-ín-rín, ó dúdú, ó jẹ́ olófòófó àti oníjà. Kò sì kọ ohun tí ó sàn ju èyí lọ nípa baba rẹ̀. Ìbínú ọmọ tí ó jẹ ìyà nílé wà nínú àkọsílẹ̀ yìí. Baba ti lọ jagun nítorí owó ní 1574. Ìyá tẹ̀ lé e ní ọdún kejì, ó fi ọmọ sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn òbí ọkọ rẹ̀. Ṣànpọ̀nná sì kọlu ọmọ náà, ó kù díẹ̀ kí ó pa á. Bẹ́ẹ̀ náà ni Kepler kò gbàgbé pé ní 1577, nígbà tí ìràwọ̀ onírù yọ lójú ọ̀run, ìyá òun ni ó mú òun lọ sí ibi gíga láti wò ó.

Ní 1619, ó tẹ ìwé ńlá rẹ̀, Harmonices Mundi, jáde. Nínú rẹ̀ ó mẹ́nu ba obìnrin kan tí kò dárúkọ, tí ìràwọ̀ ìbí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti Kepler fúnra rẹ̀ mu délẹ̀. Ó ní ọkàn obìnrin náà kì í sinmi, ṣùgbọ́n kò rí ìwé kà, ó sì ń da ìlú rẹ̀ láàmú títí ó fi kó ara rẹ̀ sí wàhálà. Katharina ni ó ń bá wí. Kókó ọ̀rọ̀ wa nìyí. Bí ìràwọ̀ ìyá àti ti ọmọ bá jọra, tí ọmọ di onímọ̀ ìṣirò ọba, tí ìyá sì di ẹni tí ìlú ń fura sí, a jẹ́ pé ohun mìíràn ni ó yà wọ́n. Ọkùnrin ni Johannes. Owó ìjọba ni ó fi kàwé dé yunifásítì Tübingen. Katharina jẹ́ obìnrin. Ewé àti egbò ni ìmọ̀ tí ó rí kọ́.

Ẹjọ́ àjẹ́

Ní 1615, ní ìlú Leonberg, Ursula Reinbold, aya oníṣẹ́ gíláàsì kan, sọ pé ohun mímu tí Katharina fún òun ni ó dá àìsàn sí òun lára. Katharina pè é lẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́, ṣùgbọ́n Lutherus Einhorn, ajẹ́lẹ̀ ìlú náà, fì sí ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀tá rẹ̀. Gbogbo ohun tí ìyá àgbà yìí ṣe ni wọ́n yí padà sí i lọ́rùn. Ó fi ife fàdákà lọ ajẹ́lẹ̀. Wọ́n ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni. Ó ti bẹ agbẹ́sàréè pé kí ó bá òun hú agbárí baba òun, kí òun fi ṣe ife fún Johannes. Wọ́n ní iṣẹ́ àjẹ́ ni. Ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé: Heinrich, ọmọ rẹ̀ kan tí wárápá ń bá jà, ti fi ìbínú pè é ní àjẹ́ kí ó tó kú.

Ní oṣù Kẹjọ, 1620, wọ́n lọ mú un lóru nílé Margaretha ọmọbìnrin rẹ̀ ní Heumaden, wọ́n sì fi í sínú àpótí gbé e jáde. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ẹ̀sùn 49 ni wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n sì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é.

Johannes fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Linz, ó wá dúró ti ìyá rẹ̀. Kò bá àwọn adájọ́ sọ̀rọ̀ ìràwọ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí ni ó mú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wádìí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń wádìí ìrìn plánẹ́ẹ̀tì. Ọmọbìnrin tí apá rẹ̀ kú tipiri ti ru bíríkì tí ó wúwo. Olùkọ́ tí ó yarọ ti fò kọjá kòtò. Reinbold sì ti lo oògùn ẹlòmíràn tẹ́lẹ̀. Ìwé àwíjàre tí wọ́n kó jọ ní 1621 jẹ́ ojú-ewé 128, ọwọ́ Kepler fúnra rẹ̀ ni ó sì kọ púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án, 1621, wọ́n mú ìyá náà lọ síwájú àwọn ohun èlò ìdálóró, wọ́n ní kí ó jẹ́wọ́. Ó ní òun kò ní ohun kan láti jẹ́wọ́. Ó kúnlẹ̀, ó gbàdúrà. Wọ́n dá a sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù 14 ní àtìmọ́lé. Kò pé ọdún kan tí ó fi kú, ní oṣù Kẹrin, 1622.

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn ọmọ. Kepler ti kọ ìtàn àròsọ kan tẹ́lẹ̀, Somnium, nínú èyí tí ìyá ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ń bá àwọn ẹ̀mí sọ̀rọ̀. Ó gbà pé àhesọ nípa ìwé náà wà lára ohun tí ó kó bá ìyá òun, ó sì fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ àlàyé kún un. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1634, ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí a rí dì mú ni pé ìwòràwọ̀ fún Kepler ní ọ̀nà láti sọ ohun tí ọmọ kì í fẹ́ sọ, pé ìwà tí òun ń bínú sí lára ìyá òun wà lára òun náà. Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ tún jẹ́ kí ó dá ìyá náà lẹ́bi wàhálà ara rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn ènìyàn, pẹ̀lú orúkọ àti oyè wọn, ni ó dá wàhálà náà sílẹ̀. Ọjọ́ tí ó jókòó ti ìwé ẹjọ́, tí ó ń béèrè ta ni ó rí i, nígbà wo, kí ni ó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú, ni ó tó rí ìyá rẹ̀ bí ó ti rí. Ọ̀rọ̀ àjẹ́ kò tíì tán láàrin wa, àwọn ìyá arúgbó ni ó sì sábà máa ń jìyà rẹ̀. Ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa gbọ́ nípa ọmọ yìí pẹ̀lú, nígbà tí a bá ń kọ́ wọn ní ìrìn ayé yí oòrùn ká.