Ìwé Sítáǹbù Ọmọdé Gẹ́gẹ́ Bí Ohun Èlò Ìtàn: Àyẹ̀wò Ìwé Kan Láti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀

Ìwé ìkọ̀wé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ni a fẹ́ yẹ̀ wò nínú bébà yìí. Ọmọkùnrin kan tí ó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, ní ojú ọ̀nà tí ó ti Àkúrẹ́ lọ sí Ọ̀wọ̀, ni ó lẹ sítáǹbù mọ́ ọn láàárín 1974 sí 1979. Ọmọ náà ni ó wá di bàbá ẹni tí ń kọ bébà yìí. A kò fẹ́ fi èyí pa mọ́, nítorí ẹni tí ó bá ń yẹ iṣẹ́ ọwọ́ bàbá rẹ̀ wò kò lè búra pé òun kò ṣègbè rárá. A ó sì máa pè é ní "ọmọ náà" láìfi ti ọ̀wọ̀ ṣe, nítorí pé ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ mú ìwé náà wá sí àpérò, ìbéèrè tí a bi wá ni pé kí ni eré ọmọdé ní í ṣe pẹ̀lú ìmọ̀ ìtàn. Ìbéèrè gidi ni. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ pé kò ní nǹkan kan í ṣe, a jẹ́ pé kò sí ohun tí ó burú bí a bá jẹ́ kí ikán parí iṣẹ́ tí ó ti bẹ̀rẹ̀ lára ìwé náà.

Kí á tó ṣí ìwé náà, ó yẹ kí á sọ díẹ̀ nípa sítáǹbù fúnra rẹ̀. Àwọn baba ńlá wa kò ṣe aláìmọ bí a ti ń ránṣẹ́ sí ẹni tí ó wà lókèèrè. Àrokò ni wọ́n ń lò. Ẹni tí a fi ẹyọ owó mẹ́fà ránṣẹ́ sí mọ̀ pé ọkàn ẹni tí ó fi ránṣẹ́ fà mọ́ òun. Ẹni tí ó gba mẹ́jọ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọra. Ohun tí sítáǹbù mú wá yàtọ̀ sí èyí: ìjọba ni ó di ìránṣẹ́, ó sì ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó gbéra. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní 1840. Èkó, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà ní 1861, bẹ̀rẹ̀ sí í lo sítáǹbù tirẹ̀ ní 1874. Nígbà náà, ọ̀nà ìlà-oòrùn tí ó gba orí ọ̀sà lọ sí Oǹdó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà là ni. Ní 1872 ni Glover, tí ó ń ṣe àkóso Èkó, rán Goldsworthy lọ sí ibẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀nà náà. Ọ̀nà yìí kan náà ni ó so Charles Phillips ti ìjọ C.M.S., tí ó dé Oǹdó ní 1877, pọ̀ mọ́ Èkó. Sítáǹbù tí ó jẹ́ ti Nàìjíríà lódindi kò sí títí di 1914, orí Ọba Jọ́ọ̀jì Karùn-ún ni ó sì wà lára rẹ̀ fún ogún ọdún ó lé. Ní 1936 ni àwòrán ilẹ̀ wa wá bọ́ sí ojú sítáǹbù ìlò ojoojúmọ́: èbúté Àpápá, kókó, iṣẹ́ gẹdú, abúlé apẹja, màlúù àwọn Fúlàní, odò Ọya ní Jẹ́bà, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọba ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ní alábàágbé.

Láti ìgbà náà ni ó ti ṣeé ṣe kí ọmọdé ṣa sítáǹbù Nàìjíríà jọ ní orí-ọ̀rọ̀ dé orí-ọ̀rọ̀. Ọ̀nà méjì ni àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ ìgbafẹ́ yìí máa ń gbà to tiwọn. Àwọn àgbà a máa tò ó ní ìlú dé ìlú àti ọdún dé ọdún, wọn a sì máa wá èyí tí ó bá sọnù kiri. Àwọn mìíràn a máa to ẹyẹ sí ojú kan, ọkọ̀ sí ojú kan, láìbìkítà nípa ìlú tí ó ti wá. Ó pẹ́ kí àwọn àgbà tó ka ọ̀nà kejì yìí sí. Ní Amẹ́ríkà, 1949 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn tí ń tò ó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀nà kejì yìí ni ọmọ náà tọ̀, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni ó ń ti ọwọ́ rẹ̀ rí sítáǹbù gbà. Oníṣòwò pákó ni ọkùnrin náà, àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Èkó àti Ìbàdàn a sì máa kọ̀wé sí i. Yàtọ̀ sí ìwé tí ó ń dé, ó ní àpótí ìwé àtijọ́ kan tí ó ti ń kó jọ láti nǹkan bí 1954. Ọmọ náà a gé igun àpò ìwé, a rẹ ẹ́ sínú àwo omi títí sítáǹbù yóò fi ṣí, a sá a sáàárín ìwé ìròyìn, a sì fi ẹ̀kọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ewé. Àwọn tí ó gbọ́n nínú iṣẹ́ yìí yóò mi orí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ yìí. Òun náà ni ó pe ikán.

Ojú ewé tí ó kọ "Igi" sí ni a ó kọ́kọ́ wò, nítorí pé òun ni ó sún mọ́ ilé jù lọ. Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ jẹ́ ìlú ọjà àti ìlú pákó. Ariwo ẹ̀rọ tí ń la gẹdú kò ṣàjèjì sí etí ọmọdé níbẹ̀. Sítáǹbù méjì ni ó wà lójú ewé náà. Ọ̀kan jẹ́ ti 1953, ṣílè kan, iṣẹ́ gẹdú ni àwòrán rẹ̀. Èkejì jẹ́ ti 1973, kọ́bọ̀ méje, ilé iṣẹ́ tí a ti ń la pákó ni àwòrán rẹ̀. Ogún ọdún ni ó wà láàárín wọn. Orí Ọbabìnrin Èlísábẹ́ẹ̀tì wà lára ti àkọ́kọ́, kò sí lára ti kejì. Owó tí ọ̀kan fi ń sọ̀rọ̀ ni àwọn òbí wa ń ná títí di òpin 1972. Owó èkejì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973. Ẹni tí ó bá to sítáǹbù rẹ̀ ní ọdún dé ọdún yóò fi ojú ewé púpọ̀ pín àwọn méjèèjì níyà. Ọmọ tí ó tò wọ́n ní orí-ọ̀rọ̀ ni ó fi ẹ̀gbẹ́ wọn kan ara, tí ìyàtọ̀ wọn fi hàn sí ojú. Èyí gan-an ni a fẹ́ kí àwọn olùgbọ́ wa fiyè sí.

Lábẹ́ igi ni ó lẹ kókó sí, kọ́bọ̀ mẹ́rin, ti 1953. Kókó kan ṣoṣo ni, ohun tí ó sì fà á kì í ṣe pé ọmọ náà kò wá òmíràn. Kókó wà nínú ọ̀wọ́ ti 1936 àti ti 1953, ṣùgbọ́n a kò rí i nínú ọ̀wọ́ sítáǹbù ìlò ojoojúmọ́ ti 1961, bẹ́ẹ̀ ni a kò rí i nínú ti 1973. Ohun tí ìjọba òmìnira fẹ́ fi hàn ní 1961 ni ẹ̀pà, èédú ilẹ̀, ẹ̀kọ́ àgbà, ìkòkò mímọ, agbẹ́gilére ará Ọ̀yọ́, aṣọ híhun, Báńkì Àpapọ̀, pápákọ̀ òfuurufú Kánò àti àwọn mìíràn. A kò rò pé ẹnikẹ́ni jókòó láti pa kókó rẹ́. Síbẹ̀, owó kókó wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní 1955, ó sì yẹ kí á kíyè sí i pé ẹ̀kọ́ wà lára sítáǹbù náà nígbà tí igi tí ó sanwó rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ní 1973, epo rọ̀bì àti afẹ́fẹ́ gáàsì ti ní sítáǹbù tiwọn.

Ojú ewé tí ó kọ "Omi Nàìjíríà" sí ni ó mú kí á kọ bébà yìí. Tọ́rọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀. Èkíní ni afárá Jẹ́bà ti 1953. Èkejì ni sítáǹbù ìrántí tí wọ́n tẹ̀ ní 1958 fún ọgọ́rùn-ún ọdún ìlú Victoria, tí èbúté ìlú náà sì wà lára rẹ̀. Orúkọ Nàìjíríà hàn kedere lórí méjèèjì. Ọmọ náà wá Victoria lórí máàpù Nàìjíríà tí ó wà nínú kíláàsì wọn, kò rí i. Ó bi olùkọ́ rẹ̀. Olùkọ́ náà ṣí máàpù Áfíríkà, ó sì fi ìka hàn án ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù. Lábẹ́ sítáǹbù náà, ọmọ náà fi pẹ́ńsù kọ ọ́ pé: "Ko si ni Naijiria mọ."

Gbólóhùn kékeré yìí ní ìtàn nínú. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, apá tí ó bọ́ sí ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì nínú ilẹ̀ Kamẹrúùnù tí Jámánì ń ṣàkóso tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń ṣàkóso pọ̀ mọ́ Nàìjíríà. Ìdí nìyí tí ojú ọ̀nà Victoria sí Buea fi wà nínú ọ̀wọ́ ti 1936, tí èbúté Victoria sì wà nínú ti 1953. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1960, wọ́n ya apá Gúúsù Kamẹrúùnù sọ́tọ̀. Sítáǹbù Nàìjíríà ti 1953 kan náà ni wọ́n tẹ orúkọ Kamẹrúùnù lé lórí kí àwọn ará ibẹ̀ máa lò ó. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì 1961, wọ́n dìbò. Àwọn ará Àríwá Kamẹrúùnù yan Nàìjíríà, wọ́n sì dara pọ̀ mọ́ wa ní oṣù kẹfà ọdún náà. Àwọn ará Gúúsù yan Kamẹrúùnù, wọ́n sì lọ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá. Victoria fúnra rẹ̀ kò jẹ́ Victoria mọ́. Limbe ni wọ́n ń pè é láti 1982. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, tí kò rí òkun rí, ti ipasẹ̀ tọ́rọ́ kan mọ̀ pé ààlà orílẹ̀-èdè a máa ṣípò. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ka ìwé ìtàn jùyẹn lọ ni a kò mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ orí yẹn.

A lè sọ̀rọ̀ lórí "Owó" pẹ̀lú, níbi tí ààbọ̀ kọ́bọ̀ ti 1953 wà. Mánílà ni ó wà lára rẹ̀, ẹ̀gbà idẹ tí àwọn ará ìlà-oòrùn ń ná. Ìjọba ti gbà á lọ́wọ́ wọn láàárín oṣù kẹwàá 1948 sí oṣù kẹta 1949. Kò tíì pé ọdún márùn-ún tí owó náà kú tí ó fi di àwòrán. Ní ti "Ẹranko," ojú ewé mẹ́rin ni ó gbà, láti inú ọ̀wọ́ tí Maurice Fievet yà ní 1965 sí 1966: kìnnìún, erin, àmọ̀tẹ́kùn, odídẹrẹ́, erinmi, ẹfọ̀n. Òun ni ó lẹ́wà jù, òun ni àwọn ọmọdé sì fẹ́ràn jù. Fún iṣẹ́ tiwa, òun ni ó ní ọ̀rọ̀ tí ó kéré jù lọ.

A kò gbọdọ̀ yin ọmọ náà ní àyìnjù. Bí ó ti ń rẹ sítáǹbù sómi, ó ń sọ àpò ìwé nù, òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ tí ó ní orúkọ ìlú àti ọjọ́ nínú a sì bá a lọ. Ààbọ̀ òǹtẹ̀ nìkan ni ó kù lára púpọ̀ nínú wọn. Èyí dùn wá púpọ̀, nítorí pé à bá ti mọ iye ọjọ́ tí ìwé oníṣòwò pákó fi ń rìn láti Èkó dé Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi iṣẹ́ ìgbafẹ́ yìí kọ́ ọmọdé ní ìtàn lè ní kí wọ́n tọ́jú àpò ìwé náà lódindi, tàbí, ó kéré tán, kí wọ́n kọ ọdún sí ẹ̀gbẹ́ sítáǹbù. Ohun tí kò sí nínú ìwé náà tún wà: Bìáfírà tẹ sítáǹbù tirẹ̀ láti 1968, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan níbẹ̀. Ọmọ kì í ṣa ohun tí kò dé ilé.

Ìwé kì í sábà dé ilé mọ́ lónìí. Iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ di ti NIPOST ní 1985, tẹlifóònù alágbèéká wọlé ní 2001, oníṣòwò pákó sì ń fi ohùn ara rẹ̀ bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Irú ìwé yìí tí ó bá ṣì wà nínú àpótí ní Àkúrẹ́, Oǹdó tàbí Ọ̀wọ̀ kò lè ní àrọ́pò. A ti ya àwòrán gbogbo ojú ewé tí ó kù nínú ti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Ojú ewé "Eniyan" ni ikán jẹ tán. Bàbá mi sọ pé àwọn rántí ọkùnrin onírunmú kan níbẹ̀, àmọ́ àwọn kò mọ orúkọ rẹ̀ nígbà náà. A rò pé Herbert Macaulay ni, láti inú ọ̀wọ́ tí wọ́n tẹ̀ ní 1964 fún àyájọ́ ọdún kan tí Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè olómìnira tí ó ní ààrẹ. Ó kù kí á rí ẹni tí ó ní èyí tí ó pé, kí á fi hàn wọ́n.